Àìsàn Tí Àbídéènì Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yàn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọkùnrin tí ẹ fẹ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣì wà láyé, ara rẹ̀ sì le bí òkúta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni gbogbo wàhálà rẹ̀ dá lé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, bóyá ẹlòmíì á ti ara rẹ̀ kọ́gbọ́n. Ó bẹ̀ mí pé kí n rọra kọ ọ́. Mo gbà fún un lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú gègé báyìí, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n rọra.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àbídéènì. Ọmọ Ṣakété ni. Àdúgbò Akpakpa ni òun àti Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ó ń wa bàálù àwọn olówó ní Kútọnu. Kì í ṣe bàálù ńlá tí gbogbo ayé ń tò wọ̀ o. Èyí kékeré tí èèyàn mẹ́jọ ń wọ̀ ni, tí wọ́n á na ẹsẹ̀, tí wọ́n á máa mu nǹkan tútù bíi pé wọ́n wà ní pálọ̀. Ọ̀gá Bámidélé, oníṣòwò kan tó ń kó ẹrù gba èbúté wọlé, ló ni bàálù náà, ó sì ń yá àwọn ọlọ́lá bíi tirẹ̀.

Àwọn mẹ́rin ló ń wà á. Kòmáńdà méjì ni wọ́n ní, ìyẹn àwọn ọ̀gá tó ń jókòó sọ́wọ́ òsì: Háàrúnà, àgbà gbogbo wọn, àti Àbídéènì. Igbákejì méjì ló ń jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún: Mùbárákù, àti Olúwabùkọ́lá, ọmọbìnrin Pobè kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ọdún mẹ́fà gbáko, owó oṣù wọn ò kúrò lójú kan. Wọn ò ní ọjọ́ ìsinmi tó dájú. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran ṣì wà lẹ́nu Àbídéènì nígbà tí ọ̀gá pè é pé àwọn kan fẹ́ lọ sí Dakar. Bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀ owó, Ọ̀gá Bámidélé á rẹ́rìn-ín, á ní:

"Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ Ọlọ́run jù wá lọ, kí lẹ tún fẹ́ fi owó ṣe?"

Ìgbà tó sọ ọ́ nígbà kẹrin ni wọ́n ṣèpàdé nílé Háàrúnà.

"Gírẹ́ẹ̀fù ni!" Mùbárákù ló kọ́kọ́ pariwo. "Ká yanṣẹ́ lódì, kó wa bàálù rẹ̀ fúnra rẹ̀!"

Háàrúnà mi orí. "Àwa mélòó? Bí èèyàn mẹ́rin bá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, àwọn tó ń kọjá á rò pé à ń ta nǹkan ni. Ó máa ránṣẹ́ pe àwọn awakọ̀ láti òkèèrè, àwọn yẹn á sì wá. Gbogbo àwọn tó ni irú bàálù yìí, láti Abidjan títí dé Èkó, wọ́n mọ ara wọn. Orúkọ wa ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Ta ló máa wá gbà wá síṣẹ́?"

Olúwabùkọ́lá ló fọhùn.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀gá ń lọ fọwọ́ síwèé ní Abidjan, òun àti àlejò mẹ́fà. Bí ara gbogbo wa ò bá yá lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò lè fipá mú awakọ̀ tí ara rẹ̀ ò yá wọ bàálù."

Háàrúnà rò ó wò. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó ní òfin méjì tóun máa ṣe fún wọn.

"Àkọ́kọ́, ibà ni kí gbogbo yín gbà níwèé. Ibà nìkan! Ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ orí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkàn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ojú."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ohun tó ń sọ. Bí àwọn awakọ̀ bàálù ṣe ń ṣe nìyẹn. Orí lè máa fọ́ wọn fún odindi ọdún kan, dókítà ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, torí ọ̀rọ̀ kan péré tó bá bọ́ sínú ìwé lè mú kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àbídéènì ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní èékánná òun dùn òun nígbà kan, òun ò sọ fún dókítà, òun fi bàtà bò ó.

"Èkejì," Háàrúnà ní, "aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ká pàdé níbí. Gbogbo fóònù, orí tábìlì yìí. Bó bá pè, ẹnu kan la máa fi dá a lóhùn. Mi ò fẹ́ kó rí ẹnì kan fà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Wọ́n gbà. Olúwabùkọ́lá ló máa kó ìwé àìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, á sì fi ránṣẹ́ sí Sàrátù, akọ̀wé ilé iṣẹ́. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àbídéènì di ọwọ́ Háàrúnà mú pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, torí Háàrúnà yìí ló mú un wọ iṣẹ́ náà, òun ló sì jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kòmáńdà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gá Bámidélé pe Àbídéènì sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́bàá èbúté. Ó gbé ohun mímu síwájú rẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé gbogbo yín ti múra fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Orí ni Àbídéènì kàn ń họ. Ọ̀gá wo orí tó ń họ yẹn, ó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tán.

"Háà. Wọ́n fẹ́ já mi sílẹ̀ nìyẹn. Kò burú. Ṣé ò ń gbọ́ mi, Àbídéènì? Háàrúnà ti dàgbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá fi ṣe olórí àwọn awakọ̀ mi. Owó oṣù rẹ̀ máa di ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ sì wà fún un."

Ó na ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Àbídéènì yọjú lójú fèrèsé. Jíìpù funfun kan ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Igbákejì kan máa wá láti Lomé," ọ̀gá ní. "Kòmáńdà kan péré ló kù tí mo ń wá."

Àbídéènì ní òun á rò ó. Lóòótọ́ ló rò ó. Ó rò ó láti orí àga títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wá mú kọ́kọ́rọ́.

Ó sọ fún mi pé òun ò sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Ó ní rárá, pé ibi tí òun máa gbé jíìpù náà sí ni òun ń rò, torí àdúgbò àwọn há.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Báwo ló ṣe máa yẹra fún ilé Háàrúnà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Kò lè ní ibà ń ṣe òun, ibà ń ṣe gbogbo wọn, ibà náà gan-an ló ń pè wọ́n jọ. Àìsàn tó ju ti àdéhùn lọ ló nílò.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi jíìpù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, ó gun alùpùpù zémì lọ sí àdúgbò Gbégamey. Ṣàkírù, ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ọjà ibẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" Ṣàkírù bi í.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Àìsàn ni mo wá gbà."

"Irú èwo? Ibà wà."

"Ibà ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Mo fẹ́ èyí tó le díẹ̀, tí èèyàn ò fi ní lè jáde nílé."

"Inú rírun ńkọ́?"

"Wọ́n á ní kí n máa bọ̀, pé ilé ìgbẹ́ wà nílé Háàrúnà."

Ṣàkírù fi bírò họ irùngbọ̀n. "Ká ní òòyì kọ́ ọ, o dákú?"

Àbídéènì gbé e yẹ̀ wò bí ẹni tó ń yan aṣọ lọ́jà. "Ẹni tó bá dákú, wọn ò ní ní kó wá sípàdé?"

"Wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀ ni."

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni."

Ṣàkírù dá ọwọ́ dúró. "Àbí kò ní kan iṣẹ́ rẹ?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi àti akọ̀wé wa nìkan ló máa rí i. Ọ̀gá mi ti mọ̀ pé ara mi le."

Báyìí ni ọkùnrin tó fi èékánná pa mọ́ fún dókítà ṣe jókòó tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé fún un pé ó dákú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó tún sọ pé ẹ ṣé.

Ó ya ìwé náà ní fọ́tò, ó fi í sórí WhatsApp tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, ó sì fi ohùn tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ń fà á bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ti di òótọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò ní lè wá lọ́la o." Ó sì wú ikọ́. Mi ò mọ ohun tí ikọ́ ń wá lẹ́nu ẹni tó dákú.

Háàrúnà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. "Ọlọ́run á fún ẹ lálàáfíà. Má wá rárá. Sinmi. Ohun tá a bá gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, ti ìwọ náà wà níbẹ̀."

Àbídéènì sọ fún mi pé òun dojú fóònù dé bẹ́ẹ̀dì nígbà tóun gbọ́ ọ, pé ojú ti òun. Ó dáa. Ó dojú fóònù délẹ̀, ó sì dìde, ó fi ìlọṣọ lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé bàálù náà dìde ní Kútọnu, igbákejì láti Lomé wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Ọ̀gá Bámidélé àti àwọn àlejò rẹ̀ mẹ́fà wà lẹ́yìn. Ojú ọjọ́ dáa. Ó balẹ̀ sí Abidjan wẹ́rẹ́. Ọ̀gá gbá a léjìká níwájú àwọn àlejò.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Àwọn yòókù ń ṣe ibà. Ọkùnrin gidi nìyí."

Ohun tí ọkùnrin gidi ò mọ̀ ni pé ọ̀gá rẹ̀ ti fi iṣẹ́ kan rán Sàrátù kó tó kúrò ní Kútọnu. Ó ní ìwé àìsàn yòówù tí àwọn awakọ̀ bá mú wá, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí àwọn dókítà tó ń yẹ awakọ̀ bàálù wò, kí wọ́n lè pè wọ́n, kí wọ́n sì tú àṣírí ibà irọ́ wọn. Kò rántí pé mẹ́rin ni àwọn awakọ̀ rẹ̀, àti pé Àbídéènì wà lára wọn. Sàrátù kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ìwé mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ Olúwabùkọ́lá, ìwé mẹ́rin ló fi ránṣẹ́.

Ibà mẹ́ta, ìdákú kan.

Inú yàrá ìsinmi àwọn èèyàn pàtàkì ní pápákọ̀ òfuurufú Abidjan ni wọ́n wà, wọ́n ń mu kọfí, nígbà tí fóònù ọ̀gá dún. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo fóònù náà, ó wo Àbídéènì, ó tún wo fóònù.

"Dókítà kan ló pè mí láti Kútọnu," ó ní. "Ó ní kòmáńdà mi kan dákú lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sún mọ́ bàálù. Mo bi í pé èwo nínú wọn. Ó ní Àbídéènì."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbé ife sílẹ̀. "Ẹni tó gbé wa wá?"

"Mo sùn lọ nínú bàálù yẹn!" Obìnrin kan dìde dúró, ó gbá àyà mú. "Mo sùn lọ!"

Dókítà ti fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́; ọ̀gá na fóònù sí Àbídéènì. Òǹtẹ̀ Ṣàkírù nìyẹn, ó tóbi, ó mọ́lẹ̀ kedere.

"Àbídéènì, ṣé o dákú ni tàbí o ò dákú?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a dá a lóhùn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á jẹ́ pé ẹni tó ń dákú ló gbé èèyàn méje gun òkè. Bó bá ní rárá, á jẹ́ pé ó lọ fi owó rẹ̀ ra irọ́ olóǹtẹ̀, irọ́ náà sì ti wà lọ́wọ́ àwọn dókítà. Àbídéènì yan àárín.

"Díẹ̀ ni, ọ̀gá."

"O dákú díẹ̀?"

Igbákejì láti Lomé rọra gbé àga rẹ̀ sún sẹ́yìn.

Ní wákàtí yẹn kan náà, àwọn mẹ́ta yòókù ti ra ọsàn, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó máa retí fóònù nígbà tí ará àwọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kó fóònù wọn dání, wọ́n rìn lọ sílé Àbídéènì. Nàfísátù ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa," Háàrúnà ní. "Báwo ni ara ẹ̀?"

"Ara ta ni?"

"Ara ọkọ yín."

"Ara ẹ̀ le dáadáa. Àkàrà méje ló jẹ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láàárọ̀. Àbí ẹ ò jọ wà níbi iṣẹ́ ni?"

Olúwabùkọ́lá gbé àpò ọsàn sílẹ̀. Mùbárákù bú èébú tí mi ò lè kọ síbí. Háàrúnà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Nàfísátù bu omi fún òun. Ó ń mu ún lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Kòmáńdà Háàrúnà!" Ohùn ọ̀gá ti dùn bí oyin. "Báwo ni ibà yẹn?"

"Ó ṣì mú wa gan-an, ọ̀gá."

"Kí ló lè mú un lọ? Àwọn àlejò mi gbọ́dọ̀ padà dé lọ́la o, mi ò sì ní kòmáńdà."

Háàrúnà mu omi tó kù tán kó tó dáhùn. Ó ní owó oṣù tó lé sí i, ọjọ́ ìsinmi tó dájú, kí ọ̀gá sì buwọ́ lu méjèèjì lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ìwé ti wọ fóònù rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n yẹ àwọn mẹ́ta wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyanu ńlá, ibà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, kò sí èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, Háàrúnà àti Olúwabùkọ́lá wọ bàálù èrò lọ sí Abidjan, wọ́n lọ gbé bàálù ọ̀gá bọ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi Àbídéènì sí, kò sì sí àlejò tó fẹ́ jókòó tì í. Kí wọ́n tó gbéra, ohùn Olúwabùkọ́lá jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún wa."

Bí wọ́n ṣe balẹ̀ sí Kútọnu, Ọ̀gá Bámidélé la àtẹ́lẹwọ́ síwájú rẹ̀. Àbídéènì fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù lé e.

Ó lọ bá àwọn dókítà, ó sọ òótọ́. Ó ní irọ́ ni ìwé náà, òun ò dákú rí láyé òun.

"Èwo gan-an ni irọ́?" dókítà bi í. "Ṣé èyí tí ẹ kọ nígbà tí ẹ ò tíì mọ̀ pé a máa rí i, àbí èyí tí ẹ ń sọ nísinsìnyí tí ẹ ń wá iṣẹ́ yín?"

Wọ́n fi ẹ̀rọ sí i lórí, wọ́n fi sí i láyà, wọ́n tan iná sí i lójú.

"A ò rí nǹkan kan," dókítà ní.

"Ẹ ò rí i! Mo sọ fún yín pé ara mi le!"

"A ò rí ohun tó ń mú yín dákú. Ìyẹn gan-an ló ń kọ wá lóminú."

Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan, àyàfi bí àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà bá wá jẹ́rìí pé kò dákú. Ó sáré lọ bá Ṣàkírù. Ṣàkírù ní òun ò lè sọ fẹ́nikẹ́ni pé irọ́ lòun fi òǹtẹ̀ òun lù, òun náà lọ́mọ tóun ń bọ́. Èèyàn mẹ́ta péré ló kù láyé tó mọ ìdí tí ìwé yẹn fi wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí i. Wọ́n ra ọsàn, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n wọ aṣọ tí èèyàn fi ń kí aláìsàn. Àbídéènì kúnlẹ̀ níwájú Háàrúnà.

"Ẹ dárí jì mí. Ẹ kàn bá mi sọ fún wọn pé mi ò dákú. Ẹ sọ fún wọn pé nítorí àdéhùn wa ni mo ṣe gba ìwé."

"Àdéhùn wo?" Mùbárákù bi í. "Ibà mú mi ní tòótọ́."

"Èmi náà," Olúwabùkọ́lá ní. "Ó mú mi títí kan egungun."

Háàrúnà fà á dìde, ó mú un jókòó. Ojú rẹ̀ ò le. Ó wo Àbídéènì bí ìgbà tó máa ń wò ó lọ́wọ́ ọ̀tún bàálù láyé àtijọ́.

"Bá a bá sọ pé irọ́ ni tìrẹ, wọ́n á bi wá bá a ṣe mọ̀. Ibà tiwa náà á di irọ́, àwa mẹ́ta á sì bá ọ lọ. Má bínú, àbúrò. Sinmi, bí mo ṣe sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mùbárákù tẹ́ tirẹ̀, Olúwabùkọ́lá di ojú.

"Ọlọ́run, wo Àbídéènì sàn kúrò nínú àìsàn tó ń mú un dákú yìí."

"Àmín," ni wọ́n wí. Nàfísátù náà wí i láti ẹnu ọ̀nà.

Wọn ò dìde. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń dúró dè é. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí òkúta gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ní, "Àmín."